Òtítọ́ Tí Ó Bá Ọjọ́ Orí Mu: Bíbá Ọmọdé Sọ̀rọ̀ ní Ilé Ìwòsàn

Ọmọdé kì í dá wá sí ilé ìwòsàn; àgbà ni ó ń pọ̀n ọ́n wá tàbí tí ó ń fà á lọ́wọ́ wá, àgbà yìí kan náà ni ó sì máa ń jókòó níwájú dókítà tí yóò máa ròyìn ìgbà tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, iye ìgbà tí ọmọ bì, àti oògùn tí wọ́n ti lò nílé kí wọ́n tó jáde. Ẹni tí nǹkan ń ṣe gan-an wà lórí itan ìyá rẹ̀, ó ń gbọ́, ó ń wo ojú àwọn àgbà bí wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè ohun kan. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wá kan abẹ́rẹ́, gbólóhùn méjì ni ó sábà máa ń gbọ́: "Kò ní dùn ẹ́" àti "Bí o bá tún ké, nọ́ọ̀sì á gún ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i." Irọ́ ni ti àkọ́kọ́, ìhàlẹ̀ ni ti èkejì, àwọn méjèèjì sì ń ba iṣẹ́ ìwòsàn jẹ́ ju bí àwọn tí ń sọ wọ́n ti rò lọ.

Ìmọ̀ tí àwọn dókítà ọmọdé, àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn onímọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọ ti kó jọ láti nǹkan bí àádọ́rin ọdún wá fi hàn pé ọmọdé máa ń mọ ohun púpọ̀ nípa àìsàn ara rẹ̀ kódà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un, pé àyè ohun tí wọ́n bá fi pamọ́ fún un ni ó máa ń fi èrò ara rẹ̀ dí, àti pé ohun tí ó bá fi dí i sábà máa ń burú ju òtítọ́ lọ. Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí ọjọ́ orí pinnu ni ìwọ̀n òtítọ́ tí ọmọ yóò gbọ́, ọ̀nà tí wọn yóò gbà sọ ọ́, àti àkókò tí wọn yóò sọ ọ́. Kò yẹ kí ó pinnu bóyá òtítọ́ ni wọn yóò sọ tàbí irọ́.

Ibi tí ìmọ̀ yìí ti wá

Jean Piaget (1896–1980), onímọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè Switzerland, fi ìwádìí ọ̀pọ̀ ọdún hàn pé ìrònú ọmọdé kì í ṣe ìrònú àgbà tí ó kéré, pé ó ní ìlànà tirẹ̀, ìlànà náà sì máa ń yí padà bí ọmọ ti ń dàgbà. Ó pín ìyípadà yìí sí ìpele mẹ́rin: láti ọjọ́ ìbí títí di nǹkan bí ọdún méjì, ohun tí ọmọ fojú rí, tí ó fọwọ́ kàn, tí ó fẹnu tọ́ wò ni ìmọ̀ rẹ̀, láti ọdún méjì sí méje, ó ti ń sọ̀rọ̀, ó sì ń fi ọkàn ya àwòrán nǹkan, ṣùgbọ́n kò tíì lè to ohun tí ó fa nǹkan àti àbájáde rẹ̀ pọ̀ dáadáa, láti méje sí mọ́kànlá, ó lè ro nǹkan já bí nǹkan náà bá ṣe é fojú rí, lẹ́yìn ìyẹn ni ó tó lè ronú nípa ohun tí kò sí níwájú rẹ̀ àti ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Àwọn olùwádìí tí ó tẹ̀lé e ti rí i pé ọmọ púpọ̀ ń tètè lóye ju bí Piaget ti rò lọ, pé àwọn ààlà náà kò sì le bí ògiri, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ṣì ń fi ìpín yìí tọ́ ọ̀rọ̀ wọn sọ́nà.

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fíìmù kan tí James Robertson ṣe ní 1952 wà lára ohun tí ó yí ìwà àwọn ilé ìwòsàn padà. Fíìmù náà tẹ̀lé ọmọbìnrin ọlọ́dún méjì kan tí ó lo ọjọ́ mẹ́jọ ní ọsibítù nítorí iṣẹ́ abẹ ìdodo, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ọsibítù kì í fi bẹ́ẹ̀ gba òbí láàyè láti wá wo ọmọ, tí wọ́n sì ń sọ pé bí ìyá bá wá tí ó tún lọ, ẹkún ni yóò dá sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá wá, ọmọ yóò dákẹ́. Ohun tí Robertson fi hàn ni pé ìdákẹ́jẹ́ náà kì í ṣe ìfọ̀kànbalẹ̀, nítorí pé ọmọ tí gbogbo wọ́ọ̀dù ń yìn pé kò yọni lẹ́nu lè jẹ́ ọmọ tí ó ti sọ ìrètí nù. Ní 1959, ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ lábẹ́ Sir Harry Platt dámọ̀ràn pé kí òbí láǹfààní láti wá wo ọmọ nígbàkigbà, kí wọ́n sì gba ìyá láàyè láti bá ọmọ kékeré sùn sí ọsibítù.

Ní àwọn ọsibítù ilẹ̀ Yorùbá, ẹní ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ kì í ṣe ohun àjèjì, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá àgbà tí ó gbé abọ́ ọbẹ̀ wá láti ilé. Nípa ti pé kí ẹni tí ọmọ mọ̀ wà nítòsí, àṣà ti ṣe ohun tí ìgbìmọ̀ Platt ń béèrè. Ohun tí ó kù ni pé ọ̀rọ̀ máa ń gba orí ọmọ kọjá sọ́dọ̀ ìyá, ìyá pẹ̀lú sì máa ń wo ohun tí yóò mú kí ọmọ tètè dákẹ́ ju ohun tí yóò yé e lọ.

Ọmọ-ọwọ́: ara ni ó fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀

Títí di àwọn ọdún 1980, àwọn dókítà wà tí wọ́n gbà pé ọmọ tuntun kì í mọ ìrora bí àgbà ṣe ń mọ̀ ọ́n, tí wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú oògùn apàrora tí kò tó nǹkan. Ìwádìí tí K. J. S. Anand àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Oxford, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1987, fi hàn pé ara ọmọ tuntun ń fèsì sí ìrora gan-an, àti pé àwọn tí wọ́n fún ní oògùn tí ó tó ṣe dáadáa lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ju àwọn tí wọn kò fún lọ. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn gbangba pé ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ ń sọ̀rọ̀ lọ́nà mìíràn, àti pé ojúṣe àgbà ni láti kọ́ bí wọ́n ti ń ka ojú, ẹsẹ̀ àti ẹkún rẹ̀.

Ohùn, òórùn àti ọwọ́ ni èdè tí ọmọ-ọwọ́ gbọ́. Ó ti mọ ohùn ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó bí i, ìdí nìyẹn tí pípè é ní oríkì rẹ̀, ìbáà ṣe Àjàní tàbí Àbẹ̀kẹ́, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ fi máa ń rọ̀ ọ́ lọ́kàn bí kò tilẹ̀ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù méje sí mẹ́sàn-án, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ojú àjèjì, ó sì lè bú sẹ́kún bí dókítà bá kàn sún mọ́ ọn. Dókítà tí ó mọ èyí kì í gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá. Á kọ́kọ́ bá ìyá sọ̀rọ̀ kí ọmọ lè rí i pé ìyá kò bẹ̀rù, á yẹ ọmọ wò lórí itan ìyá níbẹ̀, á gbọ́ àyà àti mímí rẹ̀ nígbà tí ó ṣì dákẹ́, á sì fi etí àti ọ̀nà ọ̀fun, tí ọmọ kì í fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn, sí ìgbẹ̀yìn.

Àpẹẹrẹ tí ọ̀pọ̀ òbí mọ̀ jù ni ọjọ́ àjẹsára. Ní Nàìjíríà, ọmọ á gba ti ọjọ́ ìbí, á padà wá ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá, lẹ́yìn náà ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kí ó tó lè sọ gbólóhùn kan tán, ilé ìwòsàn ti kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ nípa ara rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìmọ̀ràn jáde lórí bí wọ́n ṣe lè dín ìrora abẹ́rẹ́ àjẹsára kù, ó sì rọrùn débi pé kò ná ọsibítù ní kọ́bọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n má ṣe tẹ́ ọmọ gbalaja sórí tábìlì, kí ìyá gbé e mọ́ra ní ìjókòó. Kí ó fún un lọ́mú kí wọ́n tó gún un tàbí bí wọ́n ti ń gún un. Kí nọ́ọ̀sì má ṣe fa abẹ́rẹ́ sẹ́yìn láti wo bóyá ẹ̀jẹ̀ wà. Kí wọ́n sì fi èyí tí ó ń dunni jù sí ìkẹyìn. Ọ̀rọ̀ ẹnu pàápàá wà nínú ìmọ̀ràn náà. Wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì lo ọ̀rọ̀ tí kò dá ẹ̀rù bani, irú bíi "Ó yá, mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀", dípò "Yóò ta ẹ́ o", kí ó má sì fi ìlérí èké tu ọmọ nínú.

Nítorí pé ìyá ni ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ-ọwọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé ìyá. David Morley, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild Hospital ní Iléṣà ní ìparí àwọn ọdún 1950, mọ èyí nígbà tí ó gbé káàdì ìwọ̀n ọmọ kalẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, tí ìyá ń mú lọ sílé, tí wọ́n sì ń fi ìlà tí ń gòkè tàbí tí ń sọ̀kalẹ̀ hàn án bóyá ọmọ rẹ̀ ń dàgbà bí ó ti yẹ. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láyé.

Ọdún kan sí mẹ́ta: ọjọ́ orí "n ò ṣe"

Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ti mọ̀ pé òun ní ìfẹ́-inú tòun, ó sì fẹ́ lò ó. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí àgbà bi í ní ìbéèrè tí kò ní gba ìdáhùn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí ó bi í pé "Ṣé kí n yẹ̀ ẹ́ wò?" yóò gbọ́ "Rárá", yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò síbẹ̀síbẹ̀, ohun tí ọmọ kọ́ níbẹ̀ sì ni pé ọ̀rọ̀ òun kò já mọ́ nǹkan kan. Ó sàn kí ó fún un ní yíyàn tí ó jẹ́ yíyàn lóòótọ́: "Etí wo ni kí n kọ́kọ́ wò, ti ọ̀tún àbí ti òsì?" Kí wọ́n fi ohun èlò tí dókítà fi ń gbọ́ àyà lé e lọ́wọ́, kí ó kọ́kọ́ gbé e lé àyà bèbí rẹ̀ tàbí ti ìyá rẹ̀, kí ó rí i pé kò ṣe ìyá ní nǹkan kan.

Ọmọ yìí kò tíì mọ ọ̀la yàtọ̀ sí ọ̀túnla. Bí wọ́n bá sọ fún un ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú pé yóò gba abẹ́rẹ́, ọjọ́ mẹ́ta ni yóò fi máa bẹ̀rù. Bí wọ́n bá sì fi ọgbọ́n àrékérekè gbé e dé ibẹ̀ pé ọjà ni wọ́n ń lọ, yóò máa bẹ̀rù ọjà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ni àkókò tí ó tọ́, gbólóhùn kúkúrú kan tàbí méjì sì ti tó: "Nọ́ọ̀sì máa fún ẹ lábẹ́rẹ́ ní apá. Ó máa dùn ẹ́ díẹ̀, màmá ẹ á dì ẹ́ mú, ó sì máa tán."

Ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà: ẹ̀bi àti ìbẹ̀rù

Ní ọjọ́ orí yìí, ọmọ ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa, èyí sì máa ń tan àwọn àgbà jẹ, nítorí pé wọ́n á rò pé bí ó ti ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń lóye. Ìwádìí tí Roger Bibace àti Mary Walsh tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1980 fi hàn pé ọ̀nà tí ọmọdé gbà ń ṣàlàyé ohun tí ó fa àìsàn máa ń tẹ̀lé ìpele ìrònú rẹ̀. Ọmọ kékeré lè rò pé ohun kan tí ó kàn ṣẹlẹ̀ ní ìgbà kan náà ni ó fa àìsàn òun, tàbí pé àìsàn jẹ́ ìjìyà ìwàkiwà. Bí ìyá bá wá sọ ní yàrá dókítà pé "Ṣé o rí i báyìí? Mo ní kí o má ṣeré nínú òjò", ohun tí ọmọ náà gbọ́ ni pé abẹ́rẹ́ tí ó ń bọ̀ jẹ́ pàṣán. Gbólóhùn kan láti ẹnu dókítà ni ó lè mú ẹrù yìí kúrò lórí rẹ̀: "Kì í ṣe ohun tí o ṣe ni ó mú kí ara ẹ má yá."

Ó tún máa ń gba ọ̀rọ̀ bí ó ti gbọ́ ọ gan-an. Ọmọ tí wọ́n sọ fún pé wọn yóò fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè rò pé gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara òun ni wọn yóò fà tán, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n fi ìgò kékeré tí wọn yóò bù ú sí hàn án, kí wọ́n sì sọ fún un pé ara rẹ̀ yóò ṣe òmíràn. Bákan náà, ọmọ tí wọ́n sọ fún ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn pé bàbá àgbà ti lọ sùn, tí kò sì rí bàbá àgbà mọ́, ní ìdí láti bẹ̀rù nígbà tí dókítà iṣẹ́ abẹ bá sọ pé òun yóò mú kí ó sùn. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n fi kún un ni pé oorun yìí kì í ṣe irú ti ilé, pé oògùn ni yóò mú un wá, pé dókítà kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣọ́ ọ títí yóò fi jí, àti pé ìyá rẹ̀ ni yóò rí nígbà tí ó bá jí, bí ọsibítù bá lè mú ìlérí yìí ṣẹ.

Nípa ti ìrora, ọmọ ọdún mẹ́ta sókè ti lè fi ọwọ́ tọ́ka sí ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ. Donna Wong àti Connie Baker, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Oklahoma ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n gbé òṣùwọ̀n olójú mẹ́fà kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ojú tí ń rẹ́rìn-ín wà ní ìbẹ̀rẹ̀, ó dúró fún òdo, ojú tí omijé ń ṣàn lára rẹ̀ sì wà ní ìparí, ó dúró fún mẹ́wàá. Bí wọ́n ti ń lò ó ṣe pàtàkì bí òṣùwọ̀n náà fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ṣàlàyé pé kì í ṣe ojú ọmọ dáadáa àti ojú ọmọ burúkú ni ó wà níbẹ̀, pé kò dìgbà tí ènìyàn bá sunkún kí ó tó lè mú ojú ìkẹyìn, àti pé ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò yàn, kì í ṣe ìyá. Ọmọ tí wọ́n ti kọ́ pé ọkùnrin kì í sunkún lè mú ojú tí ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dá. Fún ọmọ tí kò lè tọ́ka, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Michigan gbé òṣùwọ̀n mìíràn jáde ní 1997, nínú èyí tí òṣìṣẹ́ ìlera ń wo ojú ọmọ, ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ó ti ń yíra, ẹkún rẹ̀ àti bóyá ó ṣe é rẹ̀, tí ó sì ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti òdo sí méjì.

Ọdún mẹ́fà sí mọ́kànlá: ọmọ tí ó fẹ́ mọ ìdí

Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti lè lóye pé nǹkan ní orísun, ó sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Kò sí ibi tí èyí ti hàn ní Nàìjíríà ju lára àwọn ọmọ tí ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde lọ, nítorí pé orílẹ̀-èdè yìí ni wọ́n ti ń bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jù lọ ní gbogbo ayé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí wọ́n kàn ń sọ fún pé "Mu omi, wọ súwẹ́tà, má ṣeré jù" ń gbọ́ òfin mẹ́ta tí kò ní ìdí, yóò sì rú u bí ó bá ti dé iléèwé. Dókítà tí ó bá ya sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ fún un sórí bébà, tí ó fi hàn án pé ti àwọn ẹlòmíràn rí róbótó, pé tirẹ̀ lè tẹ̀ bí dòjé nígbà tí omi ara bá dín kù tàbí tí òtútù bá mú un, àti pé àwọn tí ó tẹ̀ yìí máa ń há sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tóóró tí ohun gbogbo á fi dúró bí ìgbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá di ọ̀nà Èkó pa, ti fún un ní ìdí tí ó lè rò já fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà, omi mímu di ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe láti dènà ìrora. Nígbà tí ìrora bá sì dé, á lè sọ fún olùkọ́ rẹ̀ kí ó tó wọ̀ ọ́ lára.

Ọ̀rọ̀ kòkòrò HIV le ju èyí lọ, nítorí pé ìtìjú àwọn àgbà wà nínú rẹ̀. Àwọn ìdílé wà tí wọ́n ń fún ọmọ ní oògùn lójoojúmọ́, tí wọ́n ń sọ fún un pé ti ibà ni tàbí pé fítámì ni, nítorí pé wọ́n ń bẹ̀rù pé yóò sọ ọ́ fún aládùúgbò, tàbí pé yóò bi ìyá rẹ̀ bí ó ti ṣe wọlé. Ní 2011, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí wọ́n sọ fún ọmọ tí ó ti tó ọjọ́ orí iléèwé, ìyẹn láti nǹkan bí ọdún mẹ́fà sí méjìlá, pé ó ní kòkòrò náà, kí wọ́n sì máa sọ ọ́ fún èyí tí ó kéré díẹ̀díẹ̀ bí òye rẹ̀ ti tó. Èyí túmọ̀ sí pé ọmọ ọdún márùn-ún lè gbọ́ pé ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí oògùn yìí kò jẹ́ kí ó ṣe é ní ibi. Ní ọdún mẹ́jọ, ó lè gbọ́ pé kòkòrò ni. Nígbà tí ó bá yá, yóò gbọ́ orúkọ kòkòrò náà, ẹni tí ó yẹ kí ó mọ̀ àti ẹni tí kò yẹ kí ó mọ̀. Kò sí èyí tí wọn yóò padà wá sọ pé irọ́ ni nínú gbogbo rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ wà láàárín òtítọ́ tí a pín sí wẹ́wẹ́ àti fítámì tí kò sí.

Ọ̀dọ́langba: àyè ìkọ̀kọ̀

Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ẹni ọdún mẹ́wàá sí mọ́kàndínlógún sí ọ̀dọ́langba. Ẹni yìí ti lè ronú nípa ọ̀la, ó ń tijú ara rẹ̀ tí ń yí padà, ó sì ní ohun tí kò ní sọ lójú ìyá rẹ̀. Fún ìdí yìí ni àwọn dókítà ọ̀dọ́ fi ń yà á sọ́tọ̀ fún ìgbà díẹ̀, tí wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí kò ni í lára, ìyẹn ilé àti iléèwé, kí wọ́n tó dé orí oúnjẹ, eré, sìgá àti oògùn olóró, ìbálòpọ̀, àti bóyá ọkàn rẹ̀ ti bàjẹ́ débi pé ó ń ro ikú. Lójú ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá, kí dókítà ní kí ìyá jáde dà bí ìwọ̀sí, ọ̀nà tí wọ́n gbà sọ ọ́ ni ó sì máa ń pinnu bí yóò ti rí: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, gbogbo ọmọ tó bá ti tó báyìí la máa ń bá sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ díẹ̀, a ó tún pè yín wọlé." Dókítà gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀dọ́ náà pẹ̀lú, kí ó tó béèrè ohunkóhun, pé àṣírí rẹ̀ bò, àyàfi bí ẹ̀mí rẹ̀ tàbí ti ẹlòmíràn bá wà nínú ewu tàbí bí ẹnìkan bá ń fi ìyà jẹ ẹ́. Ẹni tí ó ṣèlérí àṣírí láìsọ ààlà rẹ̀ ti gbé irọ́ kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí tún kan àjẹsára tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, láti dènà kòkòrò HPV tí ó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlá ti ní fóònù tàbí ọ̀rẹ́ tí ó ní in, ó sì ti lè gbọ́ pé abẹ́rẹ́ náà kì í jẹ́ kí ènìyàn bímọ. Bí nọ́ọ̀sì bá kàn gún un láìsọ ohun tí abẹ́rẹ́ ń ṣe àti ìdí tí wọ́n fi ń fún un ní ọjọ́ orí yìí, kí kòkòrò náà tó rí ọ̀nà wọlé, àhesọ ni yóò borí.

Ìwà ọmọlúàbí àti ìdákẹ́jẹ́ ọmọ

Ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà, kì í tẹjú mọ́ ojú ẹni tí ó jù ú lọ, ó sì máa ń dáhùn pé "Bẹ́ẹ̀ ni, mà" kódà nígbà tí ọ̀rọ̀ kò yé e. Ohun tí ó yẹ ní yíyìn ni, ṣùgbọ́n ó lè ṣi òṣìṣẹ́ ìlera lọ́nà. Ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò wúlò fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ó sàn kí dókítà sọ pé, "Bí o bá délé, tí bàbá ẹ bi ẹ́ ohun tí dókítà sọ, kí ni o máa sọ fún wọn?" Ó sì tún yẹ kí ó kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá, kí ìyá sì sọ fún ọmọ pé kí ó dá dókítà lóhùn, nítorí pé títí ìyá yóò fi sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ lè ka ìdáhùn sí àfojúdi. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà, níbi tí nọ́ọ̀sì lè má mọ àṣà yìí, ó lè rò pé ọmọ tí ó tẹ orí ba ń fi nǹkan pamọ́. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa ń fẹ́ kí ọmọ tí ó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ju ìyá rẹ̀ lọ ṣe ògbufọ̀ fún un, ohun tí kò yẹ, nítorí pé ẹnu ọmọ kọ́ ni ó yẹ kí ìyá ti gbọ́ ìròyìn àìsàn ara rẹ̀ tàbí ti ọmọ náà.

Ìròyìn tí ó wúwo

Ibi tí àwọn àgbà ti ń fẹ́ fi ọ̀rọ̀ pamọ́ jù ni ibi tí ikú wà. Onímọ̀ nípa àṣà ènìyàn, Myra Bluebond-Langner, lo àkókò gígùn láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù kan ní Amẹ́ríkà, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1978. Bí wọn kò tilẹ̀ sọ fún púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà pé wọ́n ń kú lọ, wọ́n mọ̀: wọ́n rí ojú ìyá wọn, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n sì ka iye àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọn kò padà wá mọ́. Àwọn ọmọ náà tún ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀, nítorí pé wọ́n ti rí i pé àwọn òbí wọn kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jáde. Ìpamọ́ tí àwọn àgbà rò pé ó ń dáàbò bo ọmọ ni ó sọ ọmọ di ẹni tí ń dáàbò bo àgbà, tí ó sì ń dá gbé ẹ̀rù rẹ̀.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí wọ́n da gbogbo ọ̀rọ̀ lé ọmọ lórí. Ọ̀nà tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà ń gbà ni pé wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ohun tí ọmọ ti mọ̀, wọ́n á béèrè ohun tí ó fẹ́ mọ̀, wọ́n á sì dáhùn ohun tí ó béèrè láìdáhùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó bi nọ́ọ̀sì pé "Ṣé màá lọ sílé lọ́jọ́ Sátidé?" lè má béèrè ju ọjọ́ Sátidé lọ.

Ohun tí òfin sọ, àti ohun tí àyè gbà

Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1989, sọ nínú abala kejìlá rẹ̀ pé ọmọ tí ó bá ti lè ní èrò tirẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́ nínú ohun tí ó kàn án, kí wọ́n sì ka èrò náà sí gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí àti òye rẹ̀ ti tó. Nàìjíríà sọ àdéhùn yìí di òfin ilé pẹ̀lú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá sì ti fọwọ́ sí i. Òfin náà kò gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí: òbí ni ó ṣì ń fọwọ́ sí iṣẹ́ abẹ ọmọ kékeré. Ohun tí ó ń béèrè ni pé kí ọmọ gbọ́, kí wọ́n sì gbọ́ ọ.

Ohun tí òṣìṣẹ́ ìlera yóò kọ́kọ́ sọ ni pé kò sí àyè, nítorí pé èrò tí ó wà níta pọ̀ ju dókítà tí ó wà nínú ilé lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n ṣírò iye àkókò tí ẹ̀rù ń gbà pẹ̀lú. Ọmọ tí wọn kò sọ nǹkan kan fún máa ń nílò ènìyàn mẹ́ta láti dì í mú, abẹ́rẹ́ lè bọ́, wọ́n á tún un gún, ní ìgbà tí ó bá sì tún wá, láti ẹnu géètì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Àlàyé ìṣẹ́jú kan kò tó èyí. Òbí náà ní ipa tí kò ná an lówó: kí ó má ṣe fi dókítà dẹ́rù ba ọmọ nílé, kí ó má sì ṣèlérí ohun tí abẹ́rẹ́ yóò sọ di irọ́.

Gbogbo ìpele wọ̀nyí so mọ́ ara wọn ju bí wọ́n ti hàn lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin tí wọ́n sọ fún pé kò ní dùn ún, tí ó sì dùn ún, kò tíì lè sọ pé wọ́n tan òun jẹ, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ó bá di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí dókítà bi í bóyá ó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, ohun tí ó kọ́ nípa ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ní ọsibítù ni yóò fi pinnu bóyá òtítọ́ ni yóò sọ, ìtọ́jú tí wọn yóò fún un yóò sì dára tàbí burú gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn náà bá ti rí.